Télọ̀ àti Ọkọ Rẹ̀ Tó Lé Búrẹ́dì Kúrò Nílé

Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi pín ṣọ́ọ̀bù Ìyá Télọ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ níyà. Ìyàwó ń ránṣọ lápá ọ̀tún, ọkọ ń gẹrun lápá òsì, kò sì sí ohun tí ẹnì kan lè sọ lápá kan tí wọn kò ní gbọ́ lápá kejì. Ìyẹn ì bá má ni obìnrin náà lára bó bá jẹ́ pé bákan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Télọ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, tó kó píìnì sẹ́nu, ó lè wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn yóò fi yí. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ Mímú, kì í dákẹ́ ní tirẹ̀. Irun oníbàárà ló ń gẹ̀, ṣùgbọ́n etí wọn ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Láti ìgbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Télọ̀ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pákó yẹn: ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ onílé tí kò tún òrùlé ṣe. Ó ń gba etí kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde. Kò mọ̀ pé ọdún kan ń bọ̀ tí òun yóò jókòó sídìí máṣìnnì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí òun kò ní gbọ́ ju ẹ̀ṣẹ̀ tí búrẹ́dì ṣẹ ọkọ òun lọ.

Àwọn méjèèjì ti sanra. Wọn kò sanra lọ́jọ́ kan. Ọdọọdún ni Ìyá Télọ̀ ń tú ìbàdí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, tó ń fa díẹ̀ síta lára aṣọ tó ṣẹ́ kù nínú, tó ń rán an padà, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì sọ nǹkan kan. Aṣọ tirẹ̀ náà ń fẹ̀ sí i. Ó ń pe ìyẹn ní sítáìlì tuntun. Orúnkún rẹ̀ nìkan ni kò gbà pé sítáìlì ni. Bó bá fẹ́ dìde nídìí máṣìnnì, á kọ́kọ́ di tábìlì mú, á mí kanlẹ̀, kó tó lè nàró.

Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú mìíràn, ló wálé lọ́jọ́ kan tó rí wọn lórí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn ilé wọn kò gùn. Síbẹ̀ bàbá àti ìyá dúró láàárín rẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ pàtàkì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ èémí ni wọ́n ń wá. Ọmọ náà kò bá wọn jà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì dúró tì wọ́n bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n.

Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ ìgò ojú, sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ń ru, àti pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Abẹ Mímú ti ń sún mọ́ ibi tí kò dára. Ó ní kí wọ́n dín ìwúwo ara wọn kù. Kò ní kí wọ́n di igi ìgbálẹ̀ o. Bó jẹ́ ìwọ̀nba kílò díẹ̀ ló lọ, tí wọn kò sì jẹ́ kó padà, yóò hàn lára wọn. Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Ó kọ oògùn fún wọn, ó ní kí wọ́n máa wá wọn ara wọn, ó sì fi ìyókù lé ọmọ wọn lọ́wọ́.

Abẹ Mímú kò dúró de ọmọ. Lọ́yà kan wà tó ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé tẹ́lẹ̀, tó sì ti wá rí pẹlẹbẹ. Lọ́yà yìí sọ fún un pé ọ̀rá àti ẹran kò jẹ̀bi, pé búrẹ́dì, ìrẹsì, iṣu, ọ̀dùnkún, ṣúgà àti gbogbo ohun tó ń di ṣúgà nínú ara ni ọ̀tá. Ó ní kó lé wọn, kó máa jẹ ẹran, ẹja, ẹyin, wàràkàṣì àti ẹ̀fọ́ ní àjẹyó, kó má ka ohunkóhun. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, "àjẹyó" ni Abẹ Mímú gbọ́ jù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó délé, ó kó búrẹ́dì, ó kó ìrẹsì tó kù nínú ike, ó kó bísíkíìtì tí Ìyá Télọ̀ fi pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò pẹ̀lú, ó gbé gbogbo rẹ̀ fún obìnrin ilé kejì.

Ìyá Télọ̀ dé, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

"Bàbá wa, oúnjẹ ilé yìí dà?"

"Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ. Ọ̀tá ni. Mo ti lé wọn."

"Ẹ lé ọ̀tá yín, ó dáa. Ta ló ní kí ẹ lé oúnjẹ tèmi?"

Ó ní àwọn méjèèjì ni òun ṣe é fún. Ìyá Télọ̀ wò ó títí. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi sì ń pa á. Ó lọ kan ilẹ̀kùn ilé kejì, ó tọrọ ìrẹsì ara rẹ̀ padà, ìwọ̀nba tó lè sè. Obìnrin náà bù ú fún un, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò ó nígbà tó ń bù ú, Ìyá Télọ̀ kò gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni ọmọ wọn mú wá fún ìyá rẹ̀. Ó fi nǹkan kan sínú fóònù rẹ̀ tí yóò máa bá a ka kálórì, ìyẹn agbára tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ ara. Kò sí oúnjẹ tí kò lè jẹ. Ó lè jẹ búrẹ́dì, ó lè mu tíì oníṣúgà, bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣáà ti kọjá iye tí fóònù là sílẹ̀ fún ọjọ́ náà. Ó dùn létí. Ọmọ ra òṣùwọ̀n kékeré ti ilé ìdáná fún un, ó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án, ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà kò tíì dé ibi iṣẹ́ tí Ìyá Télọ̀ fi mọ̀ pé òun ti kó sí wàhálà. Ó tẹ "ọbẹ̀" sínú fóònù. Fóònù ní irú ọbẹ̀ wo. Ó tẹ "ọbẹ̀ tí mo sè". Fóònù gbé àwòrán ọbẹ̀ inú agolo kan jáde tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ó wá di pé kó wọn òróró kó tó dà á síná, kó wọn ẹran, kó wọn àlùbọ́sà, kó tún pín gbogbo rẹ̀ sí iye abọ́ tí yóò jáde níbẹ̀. Òun tó ti ń fi téèpù wọn àyà, tó ń wọn ìbàdí, tó ń wọn apá láti àárọ̀, tó bá délé, àlùbọ́sà ló kù tí yóò máa wọ̀n. Níbi tó bá ti ń bá fóònù fà á ni ọbẹ̀ ti ń jóná. Bó bá sì tọ́ ọbẹ̀ wò, ó yẹ kó kọ ìtọ́wò náà sínú fóònù. Kò kọ ọ́. Ó ní fóònù kò lójú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ikùn Abẹ Mímú bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Kò rọ̀ díẹ̀díẹ̀, eré ló ń sá. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gun òṣùwọ̀n, kílò márùn-ún ti lọ lára rẹ̀. Lára Ìyá Télọ̀, tó ti wọn gbogbo ẹ̀pà tó kó sẹ́nu, kílò kan ló lọ, kò sì pé dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní ó gbìyànjú. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni wọ́n fi ń tu ọmọ tó gbẹ́yìn nínú kíláàsì nínú.

Láti ọjọ́ náà ni etí Ìyá Télọ̀ kò ti sinmi mọ́. Kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ yìí tí kò gbọ́ ìwàásù. Bí Abẹ Mímú bá ti fi aṣọ bo oníbàárà lọ́rùn, tó tan kílípà, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ẹni tó bá ní búrẹ́dì lòun jẹ, ó gbé. Á ti gẹ irun rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ kò ní tíì tán. Ìyá Télọ̀ á tẹ máṣìnnì kó lè pariwo, ohùn ọkọ rẹ̀ á borí máṣìnnì. Èyí tó dùn ún jù ni pé ó ń fi òun ṣe àpẹẹrẹ. "Ìyá wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí," á ní, "ó ń ka oúnjẹ rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ bi í léèrè ohun tó rí nínú kíkà." Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín. Ìyá Télọ̀ á gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́.

Ó pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa búrẹ́dì àti ìrẹsì tì, omi ló máa ń kọ́kọ́ lọ lára rẹ̀, torí pé ibi tí ara ń tọ́jú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sí, omi ló fi ń dì í mọ́ra. Tí omi yẹn bá lọ tán, eré á dínkù. Ìyá Télọ̀ kó ọ̀rọ̀ yìí dé orí tábìlì oúnjẹ, ó kà á fún ọkọ rẹ̀ bí ìròyìn ayọ̀.

"Omi?" ni Abẹ Mímú wí. Ó di ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó fà á síwájú, àyè tó wà níbẹ̀ gba ọwọ́ méjèèjì. "Ṣé omi ló ń wọ ṣòkòtò mi láti ọjọ́ yìí?"

Kó má bàa dà bí ẹni tó ń ṣeré, ó kó gbogbo ṣòkòtò tó ní wá sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀. Ó ní kó fún ìbàdí wọn, kó sì fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ tó bá ṣẹ́ kù dànù, torí pé kò ní í wúlò fún òun mọ́. Ìyá Télọ̀ sọ fún un pé àwọn kì í gé e. Kò mọye èèyàn tó ti wá fún aṣọ lọ́wọ́ òun tí ayọ̀ kún ojú wọn, tí wọ́n tún padà wá lọ́dún kejì, tí wọ́n ní kí òun bá àwọn wá nǹkan ṣe sí i, tí wọn kò lè wo òun lójú. Ìyẹn ló kọ́ òun pé kí aṣọ máa wà nínú.

"Ṣé o ń retí kí n tún sanra ni?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

Kò retí rẹ̀. Ó kàn mọ aṣọ ni. Ṣùgbọ́n Abẹ Mímú bínú, ó sì sọ ọ́ títí di ọjọ́ kejì pé ìyàwó òun kò fẹ́ ire òun. Nígbà tó sú Ìyá Télọ̀, ó fún gbogbo ṣòkòtò náà, ó ká aṣọ tó ṣẹ́ kù sínú, ó fi òwú fẹ́ẹ́rẹ́ dè é, ó kó wọn fún un, ó sì ní òun ti gé e. Ó ti pẹ́ tó ti purọ́ fún ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Kò dùn ún rárá.

Oníbúrẹ́dì kan wà ní òdìkejì títì, opó kan tó ń ṣe tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn tó ń dúró de kílípà ló máa ń ra búrẹ́dì àti mínírà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gba títì kọjá, kò yà sọ́dọ̀ Abẹ Mímú, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Télọ̀. Ó béèrè ohun tí òun ṣe fún ìdílé náà. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ọkọ rẹ̀ ń pe búrẹ́dì òun ní májèlé. Ìyá Télọ̀ fi àga fún un, ó bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, kò mọ ohun tí yóò tún sọ mọ́, ìtìjú mú kó ra búrẹ́dì odindi kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó délé tó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, fóònù dá búrẹ́dì mọ̀ láìjanpata. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun àti fóònù gbọ́ ara wọn yé.

Nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ náà ko ọkọ rẹ̀, ó ní irọ́ ni, pé òun kò dárúkọ búrẹ́dì obìnrin yẹn rí, gbogbo búrẹ́dì ayé lòun ń bá wí. Ó tún béèrè bóyá ẹja òun ti jinná.

Níbẹ̀ ni ara Ìyá Télọ̀ ti kọ̀ ọ́. "Mo ń ránṣọ," ó ní, "mo ń se tiyín, mo ń se tèmi, mo ń wọn tèmi, mo tún ń bẹ àwọn tí ẹ ṣẹ̀. Bàbá wa, láti òní lọ, ẹ máa se oúnjẹ yín fúnra yín."

Abẹ Mímú ní kò sóhun tó le níbẹ̀. Ẹyin ló mọ̀ ọ́n sè. Ó ń dín in láàárọ̀, ó ń dín in lálẹ́, bọ́tà ń ta sára ògiri, òórùn rẹ̀ ń bá Ìyá Télọ̀ dé orí ibùsùn. Ó fọ ògiri náà títí, ó fi í sílẹ̀.

Ká má sì fi gbogbo ẹ̀bi lé ọkùnrin náà lórí. Ìyá Télọ̀ alára ti di ẹni tó ń ni èèyàn lára. Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n se ìrẹsì, ó sun adìyẹ, ó bù ú fún un tìfẹ́tìfẹ́. Kó tó fi kan ẹnu, Ìyá Télọ̀ ti ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó yọ òṣùwọ̀n jáde, ó gbé itan adìyẹ lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó.

"Àbúrò mi," ó ní, "ṣé o fẹ́ rà á ni?"

Ojú ti Ìyá Télọ̀ débi pé ó jẹ gbogbo rẹ̀ láìgbádùn rẹ̀. Nígbà tó ń padà lọ sílé, ó ń rò ó bóyá òróró tó wà nínú ìrẹsì náà pọ̀, kò lè mọ̀, ló bá pa fóònù tì fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó tún ṣí i, fóònù kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti ń retí rẹ̀. Ó rí i bíi pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kílò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ sì ti dúró sójú kan bí máṣìnnì tí òwú rẹ̀ lọ́.

Oṣù ń gorí oṣù. Ọjọ́ kan tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó rí i pé bọ́tìnnì rẹ̀ ti ń fà, òwú ìdí rẹ̀ ti ń já. Nígbà tí Abẹ Mímú jáde, ó tú òwú fẹ́ẹ́rẹ́ tó fi de aṣọ inú, ó fà á síta díẹ̀, ó rán an. Ọkọ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, ó sì yangàn fún un pé ṣé ó rí i pé ṣòkòtò náà ṣì gba òun dáadáa. Píìnì wà lẹ́nu Ìyá Télọ̀, kò lè fèsì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún fà á síta lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀yìn pákó dákẹ́. Ìyá Télọ̀ kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Ó rán apá kan, ó rán apá kejì, kò sí ìwàásù. Nígbà tó yá, ó rò pé bóyá ara ọkọ òun kò yá. Ó dìde, ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí oníbàárà níbẹ̀. Lẹ́yìn kọ́tìnnì tí wọ́n ń kó táwẹ́ẹ̀lì sí, Abẹ Mímú kọjú sí ògiri, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá, ó ń ya á jẹ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Kò fi bọ́tà sí i, kò sí tíì níbẹ̀.

"Bàbá wa."

Kò yíjú padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì ná.

"Ó ti pẹ́?"

"Ó ti tó oṣù mélòó kan," ni Abẹ Mímú wí. "Ẹyọ kan ni mo kọ́kọ́ ní kí n jẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti wá kọjá bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ fún, gbogbo wọn ni mo ti wàásù fún tán."

Ìyá Télọ̀ béèrè ibi tó ti ń rà á. Ó ní òun kò lè lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì òdìkejì títì, ojú ń ti òun, òpin àdúgbò kejì ni òun ń rìn lọ.

"Ó kéré tán, ẹ ń rìn," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó ti máa ń rò ó pé bí irú ọjọ́ yìí bá dé, inú òun yóò dùn, òun yóò rẹ́rìn-ín dọ́ba. Inú rẹ̀ kò dùn. Inú ń bí i ni. Ó ń bí i nítorí gbogbo ariwo ọdún yẹn, nítorí ìrẹsì tó tọrọ nílé onílé, nítorí itan adìyẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà.

"Mi ò gé aṣọ inú ṣòkòtò yín," ó ní. "Mo ti tú u lẹ́ẹ̀mejì."

Abẹ Mímú wo ìbàdí rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ojú òwú náà. "O ti mọ̀?"

"Télọ̀ ni mí."

Abẹ Mímú jókòó tì í. Ó ya búrẹ́dì tó kù sí méjì, ó na ìdajì sí i. Ìyá Télọ̀ gbà á, ó jẹ ẹ́, kò kọ ọ́ sínú fóònù.

Nígbà tí ọdún kan pé, wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n gun òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ ti sọ kílò púpọ̀ nù, ó ti kó lára rẹ̀ padà; ìyàwó ti ń sọ tirẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dúró. Ohun tó kúrò lára àwọn méjèèjì wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó ìwúwo áyọ́ọ̀nù Ìyá Télọ̀. Abẹ Mímú ní kí dókítà jọ̀ọ́ kó bá àwọn dá ẹjọ́ náà, èwo ló dára nínú kí èèyàn lé búrẹ́dì àti kí èèyàn máa ka kálórì. Àwọn méjèèjì tẹ̀ síwájú lórí àga.

Dókítà ní àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀nà méjèèjì dán ọ̀pọ̀ èèyàn wò. Ó ní àwọn tó lé oúnjẹ bíi búrẹ́dì máa ń sáré ṣáájú níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fi máa tó ọdún kan, àlàfo tó wà láàárín wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi mọ́. Lọ́nà méjèèjì, àwọn kan á sọ púpọ̀ nù, àwọn kan kò ní sọ nǹkan kan nù. Ẹni tó bá lè máa bá tirẹ̀ lọ ni tirẹ̀ ń dúró fún.

"Dókítà," ni Ìyá Télọ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì le díẹ̀, "kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

"Màmá, ṣé ẹ̀ bá ti gbà?"

Tọkọtaya náà wo ara wọn.

Dókítà wá bi wọ́n léèrè èwo nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn ni wọ́n ṣì lè máa ṣe nígbà tí ọmọ wọn bá hu ewú. Abẹ Mímú ronú. Ó ní mínírà àti ṣúgà, òun kò rántí wọn mọ́. Ìrẹsì alẹ́, òun lè fi sílẹ̀. Búrẹ́dì àárọ̀, òun kò lè ṣe é. Ìyá Télọ̀ ní ti fóònù, òun ti ṣe tán pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú òun ti mọ oúnjẹ. Tí òun bá ti wo òróró nínú ìkòkò, òun mọ̀ ọ́n, bí òun ṣe ń wo èèyàn tó wọlé tí òun ti mọ ìbàdí rẹ̀ kí òun tó na téèpù. Dókítà ní kí wọ́n gbé ìyẹn lọ sílé, kí wọ́n máa lo oògùn wọn, kí wọ́n sì máa wá. Wọ́n jiyàn ẹni tó jàre jù láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn títí dé ilé.

Ìkòkò kan ni wọ́n ń sè báyìí. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ló máa ń pọ̀ nínú abọ́, ìrẹsì díẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Abẹ Mímú fúnra rẹ̀ lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì òdìkejì títì. Ọ̀rọ̀ náà gùn débi pé obìnrin náà ní òun ti dárí jì í, kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí òun dá oníbàárà lóhùn. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí Ìyá Télọ̀ bá rí i pé ojú òun ti ń tan òun jẹ, ó máa ń gbé òṣùwọ̀n jáde fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún gbé e pamọ́. Wọ́n ń rìn nírọ̀lẹ́. Ìyẹn ni pé Ìyá Télọ̀ ń rìn. Ọkọ rẹ̀ ń dúró kí gbogbo ẹni tó bá pàdé, ìyàwó rẹ̀ á ti yí àdúgbò ká dé, á bá a níbi tó fi í sí.

Ọdún kejì ti ń parí lọ. Ìgbà kan wà tí kílò kan padà sára Abẹ Mímú, ó tún lọ. Dókítà ti dín oògùn Ìyá Télọ̀ kù. Ó ń dìde nídìí máṣìnnì láìdi tábìlì mú, bó bá ti jẹ́ àárọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò tíì dákẹ́. Ohun tó ń wàásù fún àwọn oníbàárà báyìí ni pé kí oníkálukú ṣe èyí tó bá lè ṣe pẹ́, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ rò ó láyé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n wà nídìí oúnjẹ nígbà tí ọmọ wọn pè. Ìyá Télọ̀ jẹ́ kí fóònù máa sọ̀rọ̀ síta kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Ọmọ náà kí wọn, ó béèrè àlàáfíà wọn, ó wá ní òun ti rí nǹkan tuntun kan. Wọn kò ní ka nǹkan kan, wọn kò sì ní lé oúnjẹ kankan. Wákàtí mélòó kan péré ni wọn yóò fi máa jẹun lójúmọ́, tí ìyẹn bá ti kọjá, ó di ọjọ́ kejì. Ó ní òun lè wá lópin ọ̀sẹ̀ láti wá ṣàlàyé rẹ̀.

Ìyá Télọ̀ wo ọkọ rẹ̀. Abẹ Mímú wo ìyàwó rẹ̀. Ó tẹ ẹnu mọ́ fóònù náà.

"Ohùn rẹ ò dún dáadáa o, ọmọ mi," ó ní. "Ó ń já."

Ohùn ọmọ náà ń dún ketekete. Ìyá Télọ̀ na ọwọ́, ó tẹ fóònù pa, ó sì bu ẹ̀fọ́ kún abọ́ ọkọ rẹ̀.